Ṣé Iye Megapixel Ni A Fi Ń Mọ Kámẹ́rà Tó Dára?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kò kún agbọ̀n. Òwe yìí ni mo rántí nígbà tí a ń múra ìsìnkú ìyá àgbà wa ní Igbótako. Fọ́tò tí wọ́n yà kẹ́yìn kí wọ́n tó kú, ẹ̀gbọ́n mi ló fi fóònù yà á lálẹ́ ọjọ́ ayẹyẹ kan, lábẹ́ iná gílóòbù kan ṣoṣo. Ẹni tó ta fóònù náà fún un ti sọ pé megapixel 50 ni kámẹ́rà rẹ̀, pé ó dára ju kámẹ́rà ńlá tí àwọn ayàwòrán ń gbé kọ́rùn, nítorí pé 24 péré ni tiwọn. Nígbà tí a ń wò ó nínú fóònù, fọ́tò náà dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí báńà, ojú ìyá àgbà dà bí ògiri tí òjò ti pa. Gbogbo ìhunjọ ojú wọn tí a mọ̀ ti parẹ́, kò sì sí bí a ṣe lè ya òmíràn mọ́.

Mo fẹ́ ṣe lámèyítọ́ ọ̀rọ̀ tí ọ̀ntajà náà sọ. Kò purọ́ nípa iye náà. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé kò sọ bí sẹ́ńsọ̀ inú kámẹ́rà náà ṣe tóbi tó. Sẹ́ńsọ̀ ni ohun pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn lẹ́ǹsì, tí ìmọ́lẹ̀ ń bà lé kí ó tó di àwòrán. Òun ló rọ́pò fíìmù ayé àtijọ́. Megapixel 1 jẹ́ ojú kéékèèké mílíọ̀nù kan tó ń gba ìmọ́lẹ̀.

Sẹ́ńsọ̀ kò dọ́gba. Èyí tí wọ́n ń pè ní full frame fẹ̀ ní mìlímítà 36, ó sì ga ní 24. APS-C, tó wà nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ńlá tí owó rẹ̀ kò pọ̀ jù, tó nǹkan bí 23 sí 15. Micro Four Thirds jẹ́ 17.3 sí 13. Nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kékeré tó ń wọ àpò, kò ju nǹkan bí 6.2 sí 4.6 lọ, ti ọ̀pọ̀ fóònù kò sì jìnnà sí èyí. Bí a bá ṣírò rẹ̀, full frame kan tó irú sẹ́ńsọ̀ kékeré yìí 30. Àwọn kan tún máa ń jiyàn lórí kámẹ́rà tó ní dígí nínú àti èyí tí kò ní. Àwọn méjèèjì lè ní sẹ́ńsọ̀ kan náà, nítorí náà dígí kọ́ ló ń pinnu bí àwòrán yóò ṣe dára tó.

Oko ọ̀pẹ lè là á yé wa, nítorí ọ̀pẹ kò ṣàjèjì nílẹ̀ Ìkálẹ̀. Ní kíláàsì iṣẹ́ ọ̀gbìn, wọ́n kọ́ wa pé mítà 9 ló yẹ kó wà láàárín ọ̀pẹ kan sí èkejì, tí hẹ́kítà kan á fi gba nǹkan bí 143. Ẹni tó bá gbin 500 síbẹ̀ lè máa fi iye yangàn, ṣùgbọ́n imọ̀ ọ̀pẹ á ṣíji bo ara wọn, oòrùn kò ní kárí, ìdì ẹyìn á sì kéré. Bẹ́ẹ̀ náà ni megapixel 50 lórí sẹ́ńsọ̀ kékeré. Lọ́sàn-án, ìmọ́lẹ̀ pọ̀ tó kárí. Lálẹ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń kan ojú kọ̀ọ̀kan, àwòrán á wá kún fún èérún. Fóònù á gbìyànjú láti nu èérún náà kúrò, á sì nu ìhunjọ ojú ìyá àgbà mọ́ ọn.

Àwọn tó ń ṣe fóònù náà mọ èyí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fóònù megapixel 50 fi ń pa ojú mẹ́rin-mẹ́rin pọ̀ di ọ̀kan, tí fọ́tò tó ń jáde fi jẹ́ nǹkan bí 12.5. Níbo wá ni 50 náà wà?

Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù. Seydou Keïta, ayàwòrán ìlú Bamako ní orílẹ̀-èdè Mali, ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní 1948. Fíìmù tó tó sẹ̀ǹtímítà 13 sí 18 ló ń lò. Nígbà tí wọ́n tẹ àwọn fọ́tò rẹ̀ ní ńlá ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, òdòdó ara aṣọ àti ohun ọ̀ṣọ́ ọrùn ṣì hàn ketekete.

Síbẹ̀, n kò ní dá gbogbo ẹ̀bi fún fóònù. Keïta máa ń lo ìmọ́lẹ̀ oòrùn nínú àgbàlá rẹ̀, ó sì máa ń fara balẹ̀ to ọwọ́ àti aṣọ ẹni tó fẹ́ yà. Sẹ́ńsọ̀ ńlá kò lè ṣe ìyẹn fúnni. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ti mú ìyá àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà lọ́sàn-án, fóònù yẹn kan náà ì bá gbé ojú wọn jáde dáadáa ju báyìí lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá fẹ́ ra kámẹ́rà, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ṣe tóbi tó, kí ẹ tó bèèrè iye megapixel. Bí ó bá jẹ́ fóònù lẹ ní, ẹ má dúró di alẹ́ kí ẹ tó ya àwọn àgbà yín. Ní Sátidé tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi gbé àga sí ẹnu ọ̀nà lọ́sàn-án, ó sì ní kí màmá wa wá jókòó.