Ohùn Ọmọ, Etí Bàbá: Àgbéyẹ̀wò Eré “Spare Parts”

Àwọn àgbà a máa wí pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà, a jẹ́ pé eré àfetígbọ́ kò lè ju òjìji eré tẹlifíṣọ̀n lọ. Ṣùgbọ́n Spare Parts, tí Marc Platt kọ, tí ilé-iṣẹ́ Big Finish sì gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2002, fi hàn pé ọ̀rọ̀ wà nínú ohùn pẹ̀lú.

Láti inú Doctor Who, eré tẹlifíṣọ̀n BBC tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1963, ni a ti fa eré yìí yọ. Ní 1966 ni àwọn Cybermen kọ́kọ́ farahàn nínú rẹ̀: àwọn ènìyàn tí wọ́n fi ẹ̀rọ rọ́pò ẹ̀yà ara wọn títí ìmọ̀lára fi tán nínú wọn. Platt padà sí orísun wọn ní Mondas, ayé kan tí ó ṣáko lọ kúrò nítòsí oòrùn rẹ̀, tí àwọn ará ibẹ̀ sì ń gbé abẹ́ ilẹ̀. Kì í ṣe ìwà ìkà ni ó fi ṣe ìdí ọ̀rọ̀ náà bí kò ṣe àìsàn, òtútù àti ìfẹ́ láti máa wà láàyè. Èyí ni ó mú kí ìtàn náà dunni.

Ilé àwọn Hartley ni ọkàn eré náà wà. A mú Yvonne, ọmọbìnrin tí ara rẹ̀ kò le, lọ, a sì sọ ọ́ di Cyberman. Ó padà wálé, bàbá rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n. Lórí tẹlifíṣọ̀n, irin ni ojú ìbá kọ́kọ́ rí, ẹ̀rù ìbá sì ṣíwájú àánú. Níhìn-ín, olùgbọ́ ní láti wá ọmọ náà nínú ohùn nìkan. Ohùn àwọn Cybermen, tí Nicholas Briggs fọ̀, tẹ̀lé ti 1966: ó ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, níbi tí ìtumọ̀ kò rán an. Yorùbá tí ó mọ̀ pé bí ohùn bá yí, ọ̀rọ̀ yí, yóò tètè mọ ohun tí a gbà lọ́wọ́ Yvonne.

Àbùkù kan wà. Ìbànújẹ́ Doctor àti Nyssa lórí ikú Adric kò lè wọ ẹni tí kò wo Earthshock (1982) lọ́kàn tó bí ó ti yẹ.

Síbẹ̀, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n padà sọ́dọ̀ àwọn Cybermen ní 2006 nínú “Rise of the Cybermen”, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Platt ní ìparí rẹ̀. Òbí ti yá nǹkan lọ́wọ́ ọmọ. Ẹni tí ń kọ́ni ní eré kíkọ kò gbọdọ̀ fojú kéré eré tí etí nìkan ń gbọ́.