"Mo Bá a Jagun": Pọ́n-na Kan Nínú Òṣèlú Àwọn Ajagunfẹ̀yìntì

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ-ọmọ mi kan pè mí láti Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ló rí nínú ìwé tí wọ́n ní kí wọ́n kà ní yunifásítì wọn: swiftboat. Ó ti wò ó nínú ìwé atúmọ̀ èdè, ó rí i pé ó jẹ mọ́ kí a fi ẹ̀sùn tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ba orúkọ olóṣèlú jẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní báwo ni orúkọ ọkọ̀ ojú omi ṣe wá di èébú? Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi, ó sì tún dùn mí, nítorí pé mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bí ọ̀rọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n fi tàn mí jẹ.

Oṣù kẹjọ ọdún 2004 ni. Ìyàwó mi lọ tọ́jú ọmọ tuntun ní ìpínlẹ̀ Ohio, mo sì bá a lọ. Ọmọ tuntun ọjọ́ náà gan-an ló ń bi mí ní ìbéèrè yìí. Iṣẹ́ tèmi kò ju kí n gbé e sáyà kí n máa wo tẹlifíṣọ̀n. Bí ìpolówó kan ṣe jáde nìyẹn, tí kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Àwọn ọkùnrin tí irun wọn ti funfun ń yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní àwọn àti John Kerry, tí ẹgbẹ́ Democrat fà kalẹ̀ láti du ipò Ààrẹ, jọ ṣiṣẹ́ ológun ní Vietnam. Wọ́n ní ó purọ́ nípa ohun tó ṣe lójú ogun, pé kò ṣeé fọkàn tán. Mo gbà wọ́n gbọ́. Èmi tí mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè láti bí ogún ọdún nígbà náà, tí mo máa ń já máàkì ẹni tí kò bá rí pọ́n-na inú gbólóhùn, mo jókòó síbẹ̀, mo ń mi orí. Ṣebí àwọn tó bá a débẹ̀ ló ń sọ ọ́?

Bàbá kan ní òdìkejì ọ̀nà ló là mí lójú. Òun náà jagun Vietnam, kì í sì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo bi í lọ́jọ́ kan bóyá òótọ́ ni wọ́n ń sọ nípa Kerry. Ó wò mí títí, ó ní òun náà jagun yẹn o, ṣùgbọ́n òun ò sí nínú ọkọ̀ yẹn. Ó yíjú padà sí koríko tó ń gé.

Ẹ jẹ́ ká yẹ gbólóhùn tí wọ́n lò wò. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kékeré kan, with, tó lè gbé oríṣiríṣi ẹrù. Tí ẹnìkan bá ní òun ṣiṣẹ́ ológun with Kerry, ó lè jẹ́ pé ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ wà. Ó lè jẹ́ pé ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọkọ̀ wọn yàtọ̀. Ó tún lè jẹ́ pé ogun kan náà ni wọ́n jà, tí wọn kò tilẹ̀ fojú kan ara wọn. Ẹni tó bá ń gbọ́ ọ nílé yóò mú èyí tó sún mọ́ jù lọ, torí bí ọkàn ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ọkọ̀ Swift kò ju ẹsẹ̀ bàtà 50 lọ ní gígùn, ènìyàn bíi mẹ́fà ló ń wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó sọ̀rọ̀ nínú ìpolówó yẹn tó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ Kerry. Àwọn tó ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ wà. Steve Gardner nìkan ló ta kò ó.

Mo gbìyànjú láti sọ gbólóhùn náà ní Yorùbá fún ìyàwó mi. Mo ní, "Wọ́n ní àwọn bá a jagun." Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣebí òun náà ni wọ́n ń bá jagun báyìí?" Ẹ ò rí i bí èdè wa ṣe tú àṣírí wọn! Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí a bá bá jà ni ọ̀tá wa. Bí a bá fẹ́ sọ ìkejì, a ó ní "a jọ jagun" ni. Àárín "bá" àti "jọ" ni gbogbo ìpolówó náà wà.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí n ṣe agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́. Inú ń bí àwọn ọkùnrin yẹn, ìbínú wọn sì ní ìdí. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1971, Kerry jókòó níwájú ìgbìmọ̀ kan nílé aṣòfin àgbà ní Washington lórúkọ ẹgbẹ́ àwọn ajagunfẹ̀yìntì tó ń tako ogun Vietnam. Ó ròyìn ìwà ìkà tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà hù. Lára àwọn tó gbọ́ ọ, àwọn kan wà tí wọn kò ṣe irú ẹ̀ nígbà kankan, tí wọ́n délé tí àwọn ará ìlú ń wò wọ́n bí apànìyàn. Ọgbẹ́ yẹn kò san. John O'Neill, tó di agbẹnusọ wọn ní 2004, ti bá Kerry jiyàn lórí tẹlifíṣọ̀n láti 1971. Tí wọ́n bá ní, "Ohun tí o sọ nípa wa dùn wá, a ò ní dìbò fún ọ," ta ni yóò bi wọ́n? Ẹ̀tọ́ wọn ni.

Ìpolówó wọn kejì gbé ọ̀rọ̀ 1971 yìí jáde. Ohùn Kerry fúnra rẹ̀ ni wọ́n lò. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n gé kúrò. Ohun tí Kerry ń ṣe níwájú ìgbìmọ̀ náà ni afọ̀ àgbàrán: ohun tí àwọn ajagunfẹ̀yìntì mìíràn sọ nínú ìpàdé kan ní Detroit ló ń tún sọ. Wọ́n gé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kúrò, ìyẹn ibi tó ti ní àwọn wọ̀nyí ló sọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì mi mọ̀ pé "wọ́n ní" kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán nínú èdè wa. Òun ló ń ya ohun tó ṣojú ẹni sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a gbọ́. Ẹni tó bá yọ "wọ́n ní" kúrò lẹ́nu mi ti sọ mí di ẹlẹ́rìí níbi tí mo ti jẹ́ oníròyìn. Lóòótọ́, a lè bi Kerry pé ṣé ó yẹ kó fi ọ̀rọ̀ tó gbọ́ lásán ro ẹjọ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè gidi nìyẹn. Àmọ́ ìbéèrè yẹn kọ́ ni ìpolówó náà bi í.

Orúkọ ẹgbẹ́ náà tún ńkọ́? Swift Boat Veterans for Truth. Wọ́n fi ọkọ̀ ogun síwájú, wọ́n fi òtítọ́ sẹ́yìn, àwọn fúnra wọn wà láàárín. Ẹni tó bá fẹ́ ta kò wọ́n ní láti kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ orúkọ: ṣé ogun lo fẹ́ bú ni, àbí òtítọ́? Ẹgbẹ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ń náwó. Bob Perry, oníṣòwò ilé kíkọ́ ní Texas, tó ti ń náwó fún ẹgbẹ́ Republican tipẹ́, fún wọn ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù 4 dọ́là. Orúkọ tirẹ̀ kò sí nínú "Veterans". Ní oṣù kejìlá ọdún 2006, àjọ tó ń mójú tó owó ìdìbò bu owó ìtanràn 299,500 dọ́là lé ẹgbẹ́ náà, nítorí pé kò forúkọ sílẹ̀ bí ẹgbẹ́ tó ń ṣòṣèlú. Ẹ kíyè sí i pé òfin kò bi wọ́n bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìwé owó ló wò. Ìbò sì ti kọjá ní ọdún méjì.

Nínú gbogbo ariwo yẹn, ẹnìkan ṣe ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rántí. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1969, ọjọ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fún Kerry ní àmì-ẹ̀yẹ Silver Star, ọkọ̀ mẹ́ta ló jọ lọ, ọ̀gá mẹ́ta ló darí wọn. Ọ̀kan ni Kerry. Ìkejì, Don Droz, kú sójú ogun ní oṣù kẹrin ọdún kan náà. Ìkẹta ni William Rood, tó di olóòtú ní ìwé ìròyìn Chicago Tribune. Rood dákẹ́ fún ọdún 35. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà le, tí Kerry fúnra rẹ̀ bẹ àwọn tó wà níbẹ̀ pé kí wọ́n sọ̀rọ̀, ó kọ ohun tó ṣojú rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn, ó ní ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan Kerry lórí ìyẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Kò tilẹ̀ gbà kí akọ̀ròyìn ilé iṣẹ́ tirẹ̀ fọ̀rọ̀ wá òun lẹ́nu wò. Inú ọkọ̀ Kerry kọ́ lòun náà wà, ẹ rántí. Ọkọ̀ kejì ló wà, ó sì mọ ibi tí ohun tí òun rí parí sí. Ohun tí mò ń pè ní ẹlẹ́rìí nìyẹn.

Àwọn kan yóò sọ pé kí àwọn ajagunfẹ̀yìntì kúrò nínú òṣèlú pátápátá. N ò gbà. Ẹgbẹ́ American Legion, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1919, kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀ pé òun kò ní ṣe ti ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Síbẹ̀ òun ló jà fún òfin GI Bill tí Ààrẹ Roosevelt fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 1944, tí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun fi rí ilé ìwé lọ. Òṣèlú ni ìyẹn. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń béèrè, ẹni tí yóò jẹ àǹfààní rẹ̀ sì hàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹgbẹ́ tó ṣáájú rẹ̀, Grand Army of the Republic, tí àwọn tó jagun abẹ́lé lápá àríwá dá sílẹ̀ ní 1866. Wọ́n béèrè owó ìfẹ̀yìntì. Nígbà tí Ààrẹ Cleveland, ọmọ ẹgbẹ́ Democrat, kọ̀ láti fọwọ́ sí òfin owó náà ní 1887, wọ́n gbógun tì í. Benjamin Harrison, ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ẹgbẹ́ Republican, wọlé ní 1888, òfin owó sì jáde ní 1890. Bí ẹ̀tọ́ àti ẹgbẹ́ òṣèlú ṣe wọnú ara wọn nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó gbòde láyé ìgbà náà ni pé kí ológun dìbò sí apá ibi tó yìnbọn fún. Ogun ti parí, ṣùgbọ́n ọmọ ìlú tó wà lápá kejì ṣì jẹ́ ọ̀tá.

Lónìí, VoteVets ń ṣiṣẹ́ fún àwọn Democrat, Concerned Veterans for America sì ń gba owó lọ́dọ̀ àwọn tó tẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ẹgbẹ́ méjèèjì ló ní ajagunfẹ̀yìntì tòótọ́ nínú. N ò bá wọn jà lórí ìyẹn. Mo kàn fẹ́ kí ẹni tó bá ń gbọ́ wọn ya ohùn mẹ́ta sọ́tọ̀: ohùn ẹni tí nǹkan ṣojú rẹ̀, ohùn ẹni tó ń béèrè ẹ̀tọ́, àti ohùn ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Ẹnu kan náà lè sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kódà nínú gbólóhùn kan. Ọlá tí a ń fún ẹni àkọ́kọ́ ni ẹni kẹta ń yá lò.

Kerry náà kò mọ́ tán. Nígbà tó gba ọ̀págun ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston, ó na ọwọ́ síwájú orí bí ológun, ó ní òun ti dé fún iṣẹ́. Ó sọ oṣù díẹ̀ tó fi wà lórí omi ní Vietnam di ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ fi í jọba. Ẹni tó bá tẹ́ ogun sílẹ̀ bí ọjà kò lè ní kí ẹnikẹ́ni má nájà rẹ̀. Ìyẹn kò sọ irọ́ di òótọ́ o. John McCain, ọmọ ẹgbẹ́ Republican tó jìyà lẹ́wọ̀n ní Vietnam, tó sì ń polongo fún Bush nígbà náà, sọ gbangba pé ìpolówó yẹn kò ní òótọ́ nínú, kò sì ní ọlá.

Ọmọ mi, ìdáhùn rẹ rèé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́mọkùnrin ló wa ọkọ̀ Swift lórí àwọn odò Vietnam, àwọn kan kò sì padà délé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó padà kò sí nínú ẹgbẹ́ tí mò ń wí yìí, wọn kò sì fara hàn nínú ìpolówó kankan. Inú wọn kò dùn pé orúkọ ọkọ̀ wọn ti di ọ̀rọ̀-ìṣe fún ìbanijẹ́. Òun ni àwọn ọlọ́jọ́ kan ṣoṣo lórí tẹlifíṣọ̀n fi sílẹ̀ fún wọn. Nígbà tí o bá lo ọ̀rọ̀ náà nínú iṣẹ́ rẹ, lò ó dáadáa, ṣùgbọ́n máa rántí àwọn tó ni ọkọ̀.