Ààbò Tó Ń Pa Ọmọ Lẹ́nu Mọ́



Ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù yìí, ọmọbìnrin mi gbé ìwé òfin ilé-ẹ̀kọ́ tó ń sùn sí wá fún mi kí n fọwọ́ sí i. Òfin tó dára wà níbẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà lákọsílẹ̀ nìkan ló lè wá mú ọmọ. Ẹnu ọ̀nà kò gbọdọ̀ wà láìní ọlọ́dẹ. Ta ló máa bá wọn jà sí ìyẹn? Ẹni tó bá rántí Chibok kò ní pè é ní àṣejù.

Àmọ́ mo dé ojú ewé kẹta, mo dúró. Tíṣà gbọ́dọ̀ ka lẹ́tà ọmọ kí ó tó jáde. Bí ọmọ bá ń bá ilé sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tíṣà gbọ́dọ̀ dúró tì í. Wọ́n ní nítorí ààbò ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ààbò ta ni? Tó bá jẹ́ tíṣà yẹn gan-an ló ń da ọmọ láàmú ńkọ́? Ògiri gíga lè dá ẹni tó ń bọ̀ láti ìta dúró. Kò lè ṣe nǹkan kan sí ẹni tó ti wà nínú ọgbà. Ẹnu ọmọ nìkan ló lè tú ìyẹn fó.

Ẹ wo Chibok fúnra rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2014, àwọn tó wọ aṣọ sójà ni wọ́n wọlé, wọ́n ní àwọn wá dáàbò bo àwọn ọmọ ni. Ọmọbìnrin 276 ni wọ́n kó lọ. Àwọn 57 tètè bọ́ lọ́wọ́ wọn; àwọn kan fò bọ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀. Kò sí àgbà níbẹ̀ tó sọ fún wọn pé kí wọ́n fò. Mi ò sọ pé àwọn tí kò fò kò gbọ́n o, ká má rí i. Ohun tí mò ń sọ ni pé làákàyè ọmọ wà lára ààbò rẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 pàápàá fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí lẹ́tà àti ìpè fóònù rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbà kí òbí àti alágbàtọ́ máa mójú tó ìwà ọmọ bó ti yẹ.

Ẹnìkan lè sọ pé ọmọ lè máa pe ẹni tí kò yẹ. Òótọ́ ni. Kí wọ́n mọ ẹni tí ọmọ ń pè, ó tọ́. Kí wọ́n máa gbọ́ ohun tó ń sọ fún ìyá rẹ̀, kò tọ́.

Mi ò tíì fọwọ́ sí ìwé yẹn. Mo ti kọ̀wé sí ọ̀gá wọn pé kí ọmọ máa dá bá òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ ka ti ọmọ yín dé ìparí kí ẹ tó fọwọ́ sí i.