Kàkò àti Òmìnira Ẹ̀dá nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀

Kàkò jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ inú ìwé tí D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó nítòsí Oǹdó, tẹ̀ jáde ní 1938. Nígbà tí Àkàrà-ògùn pè é sí ìrìn-àjò Òkè Láńgbòdó, obìnrin rẹ̀ dì mọ́ ọn pé kò gbọdọ̀ lọ. Kàkò pa á, ó sì bá ọ̀nà lọ. Ó rọrùn fún onílámèyítọ́ tí ó bá ti ka Jean-Paul Sartre láti kan sáárá sí Kàkò gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó fúnra rẹ̀ yan irú ẹ̀dá tí yóò jẹ́. Ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ kò fìdí múlẹ̀.

Nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí Sartre ṣe ní Paris ní 1945, ó mẹ́nu ba akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò mọ̀ bóyá kí òun dúró ti ìyá òun, tàbí kí òun lọ bá àwọn ọmọ-ogun Faransé tí ń bá Jámánì jà. Sartre ní ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà ni ìpinnu wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá yàn kò lè di ẹ̀bi ru ẹlòmíràn. Ibí yìí ni Kàkò ti kùnà. Lílọ rẹ̀ kọ́ ni àléébù. Àléébù náà ni pé ó pa ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bi í léèrè.

Wándé Abímbọ́lá ṣàlàyé ní 1975 pé láti ara ‘wà’ ni ‘ìwà’ ti jáde. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, wíwà láyé àti ìwà tí ẹ̀dá ń hù kò ṣeé yà sọ́tọ̀; ìwà sì ń fẹ́ ẹlẹ́rìí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò parí sínú igbó Fágúnwà. Láti 1976 tí Àkúrẹ́ ti di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ọ̀pọ̀ ọmọ Oǹdó ti ń fi ilé sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì níbẹ̀. Bí àwọn ará ilé bá béèrè ẹni tí wọn kò rí mọ́, òmíràn a ní iṣẹ́ ìjọba ni kò gba òun láyè. Òmíràn a ní ayé ara òun ni òun ń jẹ. Ti ìṣáájú fi ipò bojú, ti ìkẹyìn fi òmìnira bojú. Ẹni tí ó jẹ́ ojúlówó ara rẹ̀ lè lọ sí Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n yóò dá àwọn tí ó fi sílẹ̀ ní Oǹdó lóhùn.