Ohun Tí Ewé Ìrẹsì Ń Fi Pamọ́

Òdòdó ìrẹsì kò tóbi ju hóró tó ń bọ̀ wá dà lọ. Akọ mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú abo, ara rẹ̀ ló sì fi máa ń gba oyún. Ẹni tó bá fẹ́ mú ìrẹsì méjì so pọ̀ gbọ́dọ̀ gé èèpo orí òdòdó ọ̀kan, kó fi ẹ̀mú tín-ín-rín yọ akọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kí lẹ́búlẹ́bú wọn tó tú, kó tó wá gbọn lẹ́búlẹ́bú ìrẹsì kejì lé abo lórí. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n, iṣẹ́ ọjọ́ náà bàjẹ́.

Síbẹ̀, ìgbà tí ọmọ bá hù ni adùn iṣẹ́ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo Samba Mahsuri, ìrẹsì oníhóró wẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn ará gúúsù Íńdíà fẹ́ràn. Ọ̀tá rẹ̀ ni bakitéríà Xanthomonas oryzae, tó ń gba etí ewé wọlé, tó ń sọ ọ́ di aláwọ̀ ìyeyè, títí ewé á fi gbẹ bí èyí tí iná rà. Oògùn fífín kì í fi bẹ́ẹ̀ ran àgbẹ̀ lọ́wọ́. Ní Hyderabad, ibùdó ìwádìí ìrẹsì ìjọba àti ilé ìwádìí CCMB pawọ́ pọ̀ láti fi jíìnì mẹ́ta ṣe odi fún un: xa5, xa13 àti Xa21.

Xa21 ti rìn jìnnà. Ara ìrẹsì ìgbẹ́ kan láti Mali, Oryza longistaminata, ni wọ́n ti rí i. Èpò ni àgbẹ̀ ka irú ìrẹsì bẹ́ẹ̀ sí, torí pé abẹ́ ilẹ̀ ló ń ta sí: bí wọ́n tu ú lónìí, á tún yọjú lọ́la. Gurdev Khush àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IRRI, ibùdó ìwádìí ìrẹsì àgbáyé ní Philippines, ló mú un wọ inú ìrẹsì oko. Ní 1995, ikọ̀ Pamela Ronald ní Yunifásítì California ní Davis yọ jíìnì náà sọ́tọ̀.

Ṣùgbọ́n xa5 àti xa13 ló gba ọgbọ́n jù. Ẹ̀dà jíìnì kan ni ìrẹsì ń jogún lọ́dọ̀ bàbá, ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá. Àfi bí ẹ̀dà méjèèjì bá pé ni àwọn wọ̀nyí tó lè jà. Bẹ́ẹ̀, kí adùn Samba Mahsuri má baà sọnù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń dá ọmọ padà sí láti so wọ́n pọ̀, ìran dé ìran, ẹ̀dà ẹyọ kan péré ló sì ń tẹ ọmọ lọ́wọ́. Ojú àgbẹ̀ tó mòye jù lọ kò lè dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ̀. Á fà á tu dànù ni.

Àmì jíìnì ló ń tú àṣírí. Wọ́n á já ewé bíńtín, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á yọ DNA rẹ̀. Ẹ̀rọ PCR á sọ ẹyọ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìnì di ọ̀kẹ́ àìmọye, iná mànàmáná á sì wọ́ ọ gba inú jẹ́ẹ̀lì. Ibi tí ìlà bá dúró sí ló ń sọ ẹni tó jogún. Ní ìṣirò, ọmọ kan nínú mẹ́jọ ló ń gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ayọ̀ ńlá ni kí ènìyàn rí i lára ọ̀gbìn tí kò tíì yọ òdòdó.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni wọ́n dá a padà sọ́dọ̀ Samba Mahsuri, kí wọ́n tó fi í sílẹ̀ kó gba ara rẹ̀ lóyún, kí ẹ̀dà lè pé méjì-méjì. Ìdánwò ìkẹyìn rọrùn: wọ́n á ti àlùmọ́gàjí bọ omi bakitéríà, wọ́n á fi gé ṣóńṣó ewé. Lára Samba Mahsuri àtijọ́, gbígbẹ náà á sáré lọ sí ìsàlẹ̀ ewé. Lára ọmọ tuntun, kì í jìnnà sí ojú ibi tí wọ́n gé. Ní 2008, Improved Samba Mahsuri dé ọwọ́ àgbẹ̀, hóró rẹ̀ sì wẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti ìyá rẹ̀.