Òkè Ìdànrè: Àárọ̀ Lọ, Ìrọ̀lẹ́ Bọ̀

Ẹni tó bá tètè jí ní Àkúrẹ́ lè gun Òkè Ìdànrè, kó sì padà sílé wá jẹ oúnjẹ alẹ́. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ló gba ara àpáta lọ sókè, ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà. Ẹ má fo ìkankan; àṣehàn kì í jẹ́ kí orúnkún pẹ́.

Iṣẹ́ àwọn amọ̀nà ni mo mọrírì jù níbẹ̀, àwọn ọmọ ìlú tó mọ òkè náà bí ẹní mowó. Wọn kì í kánjú. Wọ́n á dúró ní ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ọba Ìdànrè, wọ́n á nawọ́ sí àwọn òpó tí wọ́n gbẹ́ ère sí lára, wọn ò sì ní sọ̀rọ̀ títí ẹ ó fi wò ó yó. Orí òkè yìí ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé láyé àtijọ́ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní 1923.

Ó tún ku ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn, ihò tó rí bí àtẹ́lẹsẹ̀ nínú àpáta. Ìtàn ní kò sí ẹsẹ̀ tí kì í bá a mu, tọmọdé tàgbà, àfi ti àjẹ́. Mo rí bàbá kan tó kọ̀ jálẹ̀, kò ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ìyàwó rẹ̀ sì ń wò ó tìfura-tìfura.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ lọ, torí òjò máa ń mú kí àpáta yọ̀. Ẹ wọ bàtà tó dì mọ́ ẹsẹ̀, kí ẹ sì fún amọ̀nà lówó tó nítumọ̀.