Ẹ̀rọ Mọ Ìbò Kà; Ta Ni Yóò Dájọ́?

Nínú Nomic, eré tí amòye ará Amẹ́ríkà, Peter Suber, gbé jáde ní 1982, yíyí òfin eré padà gan-an ni eré náà. Nínú PerlNomic orí íntánẹ́ẹ̀tì, èdè kọ̀ǹpútà ni a fi kọ òfin. Bí ìbò bá ti tó, ẹ̀rọ a yí i padà. Ọgbọ́n ńlá ni, a gbà. Ṣùgbọ́n òfin 212 ti Suber yan adájọ́ fún ìgbà tí àwọn òṣèré kò bá fohùn ṣọ̀kan lórí ìtumọ̀. Nígbà tí àwọn aṣòfin wa ní Lómé yí òfin ìpìlẹ̀ padà ní 2024, láìsí ìbò ará ìlú, iye ìbò kọ́ ni a ń jiyàn lé lórí: ta ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò?